Ohun tí ebi ń kọ́ gbòǹgbò nínú ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń sọ, òótọ́ sì ni. Ẹni tí ebi ń pa kò ní etí fún ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé tí kò jẹun láàárọ̀ kì í rí ohun tí olùkọ́ ń kọ sí ara pátákó. Ṣùgbọ́n ti ọ̀gbìn yàtọ̀. Nígbà tí ebi bá wọ inú àgbàdo tàbí ìrẹsì, ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ń pọ̀ nínú rẹ̀. Gbòǹgbò a ránṣẹ́ sí ewé, ewé a dá èsì padà sí gbòǹgbò, àwọn méjèèjì a sì fi ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ké sí àwọn aládùúgbò wọn nínú ilẹ̀. Nínú àwọn tí ń gbọ́ igbe náà, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, olè sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ igbe yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àbá tí a ń dá lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a ń dá láìwo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rárá.

Ojú ewé ni gbogbo wa ń wò. Bí ewé àgbàdo bá di pupa rúsúrúsú, a ó ní ilẹ̀ ti ṣá. Bí ó bá dúdú mìnìjọ̀, a ó ní ilẹ̀ náà lọ́ràá. Àní ní ilé-ìwé pàápàá, nígbà tí olùkọ́ bá ń ya àwòrán ọ̀gbìn, ewé àti òdòdó ni ó máa ń fara balẹ̀ yà. Ní ti gbòǹgbò, ìlà mẹ́ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, ó parí. Ẹni bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ọ̀pá ìfami lásán ni gbòǹgbò, tí a rì bọ inú ilẹ̀ láti máa fa omi sókè. Ìwádìí ọdún pípẹ́ ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò a máa tọ́ ilẹ̀ wò, a máa yan ọ̀nà, a máa dúró níbi tí kò sí èrè, a sì máa ya ẹ̀ka níbi tí èrè wà. Ohun tí ó fi ń ṣe gbogbo èyí ni àwọn èròjà tí a ń pè ní họ́mónù.

Kí ni họ́mónù? Èròjà tín-ín-tín ni, tí ara ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe ní ibì kan, tí ó sì ń lọ jẹ́ iṣẹ́ ní ibòmíràn. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe oògùn. Àrokò ni. Gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, tí ẹni tí ó gbà á sì mọ ohun tí a wí láìsí lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni họ́mónù. Iye tí ó wà nínú àrokò àti ẹni tí ó gbà á ni ó sì ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀: họ́mónù kan náà tí ó ń mú gbòǹgbò gùn bí ó bá jẹ́ díẹ̀, òun náà ni ó ń dá gbòǹgbò dúró bí ó bá pọ̀ jù.

Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Francis ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fura. Nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1880 lórí bí ọ̀gbìn ṣe ń rìn, wọ́n sọ pé orí èéhù koríko ni ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀. Nítorí náà ohun kan gbọ́dọ̀ máa ti orí sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ní ṣóńṣó gbòǹgbò ń ṣe iṣẹ́ bí ẹni pé ọpọlọ ẹranko kékeré ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ta ko baba àti ọmọ lórí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí. Láàárín ọdún 1926 sí 1928, Frits Went, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, rí ohun tí ń sọ̀ kalẹ̀ náà gbà láti orí èéhù ọkà kan. Orúkọ tí wọ́n fún un ni auxin, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan dàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àwọn mìíràn. Ọ̀kan tí ó ṣe pàtàkì nínú wọn ni ethylene, tí ó jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìyá tí ó bá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò, tí ó di ẹnu rẹ̀ pa kí ó lè tètè pọ́n, afẹ́fẹ́ yìí ni ó sé mọ́ inú àpò náà, bí òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. A óò tún pàdé ethylene níwájú, ní ibi tí a kò ti lè retí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ebi. Oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń fà láti inú ilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó sábà máa ń wọ́n jù ní oko wa, èkíní ni náítírójìn, èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹni bá ń sọ pé ilẹ̀ ṣá, tí kò sọ èyí tí ó tán nínú méjèèjì, kò tí ì sọ nǹkan kan, nítorí pé ìwà wọn nínú ilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Náítírójìn tí ó ti yòrò a máa bá omi òjò rìn. Bí òjò bá ti ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí yóò bá a gbọ́dọ̀ yára, kí ó sì jinlẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn. Nínú ilẹ̀ pupa tí òjò ti fọ̀ fún ọdún gbọọrọ, irin àti àlùmíníọ̀mù tí ó wà nínú ilẹ̀ a di í mú ṣinṣin, a sì jókòó sí òkè níbi tí ewé jíjẹrà ti bọ́ sí. Ó lè pọ̀ nínú ilẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀gbìn má sì tó o. Gbòǹgbò tí ń wá a kò gbọdọ̀ jinlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tàn kálẹ̀ ní òkè, kí ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ń dọdẹ ìgalà àti ẹni tí ń wa òkété nínú ihò kì í gba ọ̀nà kan náà.

Báwo wá ni gbòǹgbò ṣe ń mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà? Àwọn onímọ̀ ti wo èyí fínnífínní lára ewéko kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n, olórí gbòǹgbò rẹ̀ a dúró, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ a pọ̀ sí i, irun wẹ́wẹ́ tí ó wà lára gbòǹgbò a sì gùn, a sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 2007, àwọn oníwàádìí fi hàn pé kí ṣóńṣó gbòǹgbò ṣáà ti kan ibi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sí, ó ti tó láti dá olórí gbòǹgbò dúró, ìbáà jẹ́ pé ara yòókù ń jẹ àjẹyó. Kì í ṣe ebi inú ni ó sọ fún un. Fífi ẹnu kàn án ni. Ó jọ pé baba àti ọmọ tí a sọ̀rọ̀ wọn ní ìṣáájú kò ṣìnà tó bí àwọn kan ti rò.

Ní ọdún 2008, a tún rí ohun mìíràn. A lè rò pé ohun tí ebi ń ṣe ni kí ó mú kí auxin pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, ohun tí ebi fi kún ni etí tí gbòǹgbò fi ń gbọ́ auxin. Èròjà kan tí ń jẹ́ TIR1 ni etí náà. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti dín kù, gbòǹgbò a ṣe TIR1 sí i, ìwọ̀nba auxin tí ó wà tẹ́lẹ̀ a sì wá dún létí rẹ̀ bí agogo, ẹ̀ka a bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ilé tí oúnjẹ ti wọ́n kì í pariwo jù ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i bí gbogbo wọn ti ń gbọ́ ìró ìkòkò.

Ní ti irun gbòǹgbò, ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni yékéyéké, nígbà tí àwọn oníwàádìí tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Yunifásítì Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lórí Arabidopsis àti ìrẹsì. Wọ́n rí i pé bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n, auxin a pọ̀ ní ṣóńṣó gbòǹgbò, aláàárù kan tí ń jẹ́ AUX1 a sì rù ú pọ̀n lọ sí ibi tí irun ti ń hù, irun náà a sì gùn. Ìrẹsì tí wọ́n ba aláàárù yìí jẹ́ lára rẹ̀ kò lè mú irun rẹ̀ gùn, kò sì rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kó tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í tọ gbòǹgbò wá, nítorí náà nígbà tí gbòǹgbò bá ti jẹ èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán, irun nìkan ni ó lè na ọwọ́ kọjá ibi tí ó ti di òfìfo.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi irun yìí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kí ó tẹ́ aṣọ funfun tí a fi omi rin sínú àwo, kí ó to hóró àgbàdo díẹ̀ sí i, kí ó da àwo mìíràn dé e, kí ó sì máa wò ó lójoojúmọ́ kí ó má gbẹ. Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọn óò rí ohun funfun kan tí ó rí bí òwú tí ó yí gbòǹgbò tuntun ká. Àwọn ọmọ yóò sọ pé àgbàdo náà ti bu. Kò bu. Irun gbòǹgbò ni. Kí olùkọ́ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, nítorí pé kíá ni ó ń bàjẹ́; ìdí sì nìyẹn tí àgbẹ̀ tí ń fa ọ̀gbìn tu kì í fi í rí irun kan lára rẹ̀.

Ti náítírójìn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ọdún 1975, M. C. Drew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbin ọkà báálì kan lọ́nà tí gbòǹgbò rẹ̀ fi kọjá ní ìpele mẹ́ta, àárín nìkan ni ó sì fi oúnjẹ sí. Ní àárín yẹn ni ẹ̀ka gbòǹgbò ti pọ̀ bí irùngbọ̀n; òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Báwo ni ẹ̀ka ṣe mọ̀? Ní ọdún 2010 ni wọ́n rí ìdáhùn kan lára Arabidopsis. Ẹnu ọ̀nà tí náítírójìn ń gbà wọ inú gbòǹgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní NRT1.1, lè gbé auxin pẹ̀lú. Níbi tí náítírójìn kò bá sí, a kó auxin kúrò ní orí ẹ̀ka kékeré, ẹ̀ka náà a sì dúró sójú kan. Níbi tí náítírójìn bá wà, ẹnu ọ̀nà náà kò ráyè kó auxin mọ́, auxin a gbára jọ, ẹ̀ka a sì ta lọ. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni ó ń gba àlejò, òun náà ni ó sì ń sọ fún onílé bóyá kí ó kọ́ yàrá sí i.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe bí apá kan gbòǹgbò bá wà ní ibi ọ̀rá, tí apá kejì wà ní aṣálẹ̀? Àwọn oníwàádìí ní ilẹ̀ Japan dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 2014. Wọ́n pín gbòǹgbò ọ̀gbìn kan sí méjì, wọ́n fi ebi pa ìdajì. Ìdajì tí ebi ń pa náà rán àrokò kan tí ń jẹ́ CEP gòkè lọ sí ewé. Nígbà tí ewé gbà á, òun náà rán àrokò tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìdajì tí ó wà níbi oúnjẹ ni ó sì fi í ṣiṣẹ́: ó bẹ̀rẹ̀ sí fa náítírójìn ju bí ó ti ń fà á tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọ ìyá méjì bá lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú méjì, tí iṣẹ́ sì wọ́n ní ìlú ọ̀kan, ilé ni yóò kọ̀wé sí, baba ni yóò sì sọ fún èkejì pé kí ó fi kún ohun tí ó ń fi ránṣẹ́. Ohun tí a ń pè ní ẹbí nìyẹn, inú ọ̀gbìn tí kò ní ọpọlọ ni a sì ti bá irú rẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n yìí ní òpin. Ebi díẹ̀ ni ó ń mú gbòǹgbò sáré. Bí ebi bá pọ̀ jù, kò sí ohun tí a ó fi kọ́ ẹ̀ka tuntun, gbogbo rẹ̀ a sì dúró. Ọgbọ́n kì í di oúnjẹ nínú ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má sì ka ọ̀rọ̀ wa yìí sí pé kí a máa fi ebi kọ́ àgbàdo ní ẹ̀kọ́.

Ní báyìí a dé orí igbe. Ní ọdún 1966, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà rí èròjà kan gbà láti ara gbòǹgbò òwú, wọ́n sì pè é ní strigol. Ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n máa wá a ni pé ó ń mú kí irúgbìn koríko burúkú kan tí ń jẹ́ Striga hù. Fún nǹkan bí 40 ọdún, àdììtú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kí ni ó lè mú kí ọ̀gbìn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú èròjà tí ń jí olè sínú ilẹ̀? Ọdún 2005 ni ìdáhùn dé láti ilẹ̀ Japan: kì í ṣe olè ni ọ̀gbìn ń pè. Ọ̀rẹ́ ni ó ń pè. Nínú ilẹ̀ ni ìbátan olú kan wà tí kì í yọ sókè, òwú tín-ín-tín lásán ni. Olú yìí a máa wọ inú gbòǹgbò, a máa gba ṣúgà lọ́wọ́ ọ̀gbìn, a sì máa fi òwú rẹ̀ tí ó gùn ju irun gbòǹgbò lọ kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá fún un. Májẹ̀mú àárín wọn ti ju mílíọ̀nù 400 ọdún lọ. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti wọ́n, gbòǹgbò a tú strigol àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí a ń pè ní strigolactone, sínú ilẹ̀. Òwú olú tí ó bá gbúròó rẹ̀ a ya ẹ̀ka, a sì súnmọ́ tòsí.

Ní ọdún 2008, ìwádìí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí ó fi hàn pé strigolactone kì í ṣe igbe tí a ń ké síta nìkan. Họ́mónù ni nínú ara ọ̀gbìn náà pẹ̀lú. A máa gòkè lọ sí ara igi, a sì máa sọ fún un pé kí ó má yọ ẹ̀ka. Àrokò kan náà, iṣẹ́ méjì: ó pe olùrànlọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀, ó sì fún àmùrè mọ́ inú ní òkè. Àwa tí a kọ èyí ti ka ọ̀pọ̀ ètò ìjọba lórí ìṣúná owó. A kò tí ì rí èyí tí ó mọ́gbọ́n dání tó báyìí.

Olè ni ó bà á jẹ́. Orúkọ náà Striga, àjẹ́ ni ó túmọ̀ sí ní èdè Látìn, koríko àjẹ́ ni àwọn Òyìnbó sì ń pè é. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí erùpẹ̀, igi kan sì lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá. Kì í hù nítorí òjò nìkan. A máa sùn nínú ilẹ̀ títí yóò fi gbọ́ igbe ọ̀gbìn tí ebi ń pa. Bí ó bá ti gbọ́, a hù, a na gbòǹgbò rẹ̀ tọ ọkà bàbà tàbí àgbàdo lọ, a sì lẹ̀ mọ́ ọn láti máa fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yọ sójú ilẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá rí òdòdó rẹ̀ tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó dára lójú, àgbàdo rẹ̀ ti joro. Ọkọ́ tí ó gbé ní ọjọ́ náà ti pẹ́ jù fún ìkórè ọdún yẹn.

Kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn. Pápá ọ̀dàn Nàìjíríà, láti àárín gbùngbùn dé òkè ọya, wà lára ibi tí koríko yìí ti ń jẹ oko run jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ tí ó ṣá ni ó sì ń yọ lẹ́nu jù. Nígbà kan, àgbẹ̀ a máa fi oko sílẹ̀ di igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà síbẹ̀. Ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ ò sì pọ̀ sí i. A ń gbin ọkà lórí ọkà lọ́dọọdún, ebi ń pa ilẹ̀, àgbàdo ń ké, olè ń gbọ́. Tálákà tí kò lówó ajílẹ̀ ni ó ń gba ìyà náà lẹ́ẹ̀mejì: ilẹ̀ rẹ̀ kò fún ọ̀gbìn lóúnjẹ, ìwọ̀nba tí ọ̀gbìn náà sì rí, olè gbà á.

Ẹni tí ó bá mọ bí igbe ṣe ń jáde ni ó lè mọ bí a ti ń tan olè jẹ. Ní ọdún 1956, wọ́n rí ẹ̀yà kan nínú koríko yìí ní ìpínlẹ̀ North Carolina àti South Carolina ní Amẹ́ríkà. Lára ohun tí ìjọba ibẹ̀ fi lé e jáde ni ethylene, afẹ́fẹ́ tí ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Wọ́n fi ẹ̀rọ fín in sínú ilẹ̀ nígbà tí kò sí ọ̀gbìn lóko. Irúgbìn koríko náà jí, ó rò pé oúnjẹ ti dé, ó hù, kò bá gbòǹgbò kankan, ó sì kú. Àgbẹ̀ tiwa kò ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sóyà àti òwú lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Gbòǹgbò wọn ń tú èròjà tí ń jí koríko àjẹ́ tí ń yọ àgbàdo lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lẹ̀ mọ́ wọn. Sóyà tún ń fi náítírójìn tí ó kó nínú afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ. Kí a gbin sóyà lọ́dún yìí, kí a gbin àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ó ṣeé ṣe fún olóko sarè méjì nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a yí ohùn igbe náà padà. Gebisa Ejeta, ọmọ ilẹ̀ Ethiopia tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 2009 fún ọkà bàbà tí kò kọbi ara sí ọ̀dá àti koríko yìí. Ní ọdún 2017 ni a wá mọ àṣírí irú ọkà bàbà bẹ́ẹ̀ kan: jíìnì kan tí ń jẹ́ LGS1 ti sọnù lára rẹ̀, nítorí náà irú strigolactone mìíràn ni gbòǹgbò rẹ̀ ń tú jáde, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jí Striga. Kò dẹ́kun igbe. Ó yí ohùn padà ni. Nílé níhìn-ín, Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀gbìn Ilẹ̀ Olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí àgbàdo tí Striga kò lè tètè rí gbéṣe, Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń dán an wò.

A fẹ́ kí àwọn tí ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣèlú fi etí sí apá tí ó kù yìí. Ìyípadà ńlá tí ó bá iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Áṣíà àti Mẹ́síkò ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí Norman Borlaug fi gba Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà ní ọdún 1970, ọ̀rọ̀ họ́mónù ni òun náà. Àlìkámà kúkúrú tí ó fi ṣiṣẹ́ kò gbọ́ họ́mónù tí ń mú igi ga, èyí tí ń jẹ́ gibberellin. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. Nítorí pé ó kúrú, bí a bá bọ́ ọ ní ajílẹ̀ púpọ̀, ọmọ ni ó ń so, kì í wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: bí a bá bọ́ ọ ní ajílẹ̀ púpọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn ìjọba Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣe ìlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2015, ajílẹ̀ tí à ń lò yóò ti kúrò ní kìlógíráàmù 8 sí 50 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2015 dé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò dé ibẹ̀. Irúgbìn tí a mú ga lójú àjẹyó ni à ń fi lé àgbẹ̀ tí kò rí ajílẹ̀ rà lọ́wọ́.

A kò sọ pé kí a má pín ajílẹ̀. Ilẹ̀ tí a bọ́, gbòǹgbò inú rẹ̀ kì í ké púpọ̀, olè kì í sì í tètè jí. Nítorí náà ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran jẹ́ oògùn Striga pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí a bèèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá kó àpò ajílẹ̀ wá sí abúlé ní àsìkò ìbò. Èkíní, ta ni ó yẹ ilẹ̀ yìí wò, èwo ni ó sì tán nínú rẹ̀? Èkejì, irú gbòǹgbò wo ni irúgbìn tí ẹ kó wá ní? Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ẹ̀rín. Ní ọdún 2012, wọ́n rí jíìnì kan tí ń jẹ́ PSTOL1 nínú ìrẹsì àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Kasalath, tí ó ń mú gbòǹgbò tètè gbilẹ̀, kí ìrẹsì lè so níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó. Púpọ̀ nínú ìrẹsì ìgbàlódé kò ní i. Ní ọdún 2013, àwọn ọmọ Japan rí DRO1, tí ó wà lábẹ́ àṣẹ auxin, tí ó sì ń mú gbòǹgbò ìrẹsì yí orí sí ìsàlẹ̀ láti wá omi nígbà ọ̀dá. Kasalath kì í ṣe irúgbìn tuntun. Ọwọ́ àgbẹ̀ àtijọ́ ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa ṣì ń so rọ̀ sí òkè àdògán láti ọdún dé ọdún ṣe wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tí ì wo gbòǹgbò rẹ̀.

Ní ti àgbẹ̀ tí koríko àjẹ́ ti wà ní oko rẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má dúró de ìjọba. Èyí tí ó bá ti yọ, kí ó fà á tu kí ó tó so, kí ó kó o jáde kúrò lóko, kí ó sì sun ún. Kò ní gba àgbàdo ọdún yìí là, ti ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń ṣe. Kí ó gbin sóyà sí ibẹ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí pé irúgbìn tí ó ti bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ, tí yóò máa dúró de igbe.